Ìfura Kì í ṣe Àròpin: Ìtumọ̀ àti Ìlò Ọ̀rọ̀ náà 'Cynical'

  

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ yẹ̀ wò lónìí. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni: 'cynical'. Àwọn tí ó kàwé láàrin wa ń lò ó lójoojúmọ́. Bí ọmọ wa bá sọ pé òun kò ní í dìbò nítorí pé ọ̀kan náà ni gbogbo òṣèlú, a ó ní ọmọ náà ti di 'cynical'. Bí gómìnà bá da ọ̀dà sí títì nígbà tí ìdìbò ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àwọn oníwèé ìròyìn yóò ní ìwà náà 'cynical'. Bí agbábọ́ọ̀lù bá mọ̀ọ́mọ̀ gbá alátakò rẹ̀ lẹ́sẹ̀ kí onítọ̀hún má baà dé ojú ilé, ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni ẹni tí ń ròyìn eré náà yóò lò. Ìwà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni a fi pè wọ́n. Ṣùgbọ́n bí a bá ní kí ẹnì kan nínú wa sọ ọ̀rọ̀ náà ní Yorùbá, ẹnu rẹ̀ yóò wọhò.

Èrò tèmi ni pé kì í ṣe òṣì èdè wa ni ó fa èyí. Ohun tí Gẹ̀ẹ́sì dì sínú ẹrù kan ni èdè wa tú palẹ̀ sí ọ̀nà púpọ̀. Pàtàkì jù lọ, èdè wa pa ààlà sáàárín ohun méjì tí Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ kí ó dàpọ̀: ìfura, tí a fi ń yin àgbà, àti àròpin, tí a ní kò yẹ kí ọmọ ènìyàn máa ṣe fún ọmọ ènìyàn. Bí ààlà yìí bá parẹ́ lọ́kàn wa, ewu ń bẹ. Ìtàn ìlú tí a bí mi sí, Ìjokù ní Ṣágámù, ni n ó fi ti ọ̀rọ̀ mi lẹ́yìn, pẹ̀lú ìtàn ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ méjì tí gbogbo ayé mọ̀.

1. Orírun ọ̀rọ̀ náà

Ilẹ̀ Gíríìkì ni ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹ̀ wá. 'Kyon' ni àwọn Gíríìkì ìgbà náà ń pe ajá. 'Kynikos' sì ni ohun tí ó bá ṣe bí ajá. Ní nǹkan bí 2,400 ọdún sẹ́yìn, àwọn ọlọ́gbọ́n kan wà ní ìlú Athens tí a ń pe ní oníwà-ajá. Àwọn kan ní ibi tí Antisthenes, ọmọ ẹ̀yìn Socrates, ti ń kọ́ni ni orúkọ náà ti wá, nítorí Kynosarges ni orúkọ ibẹ̀, ajá sì wà nínú orúkọ yẹn. Àwọn mìíràn ní ìgbésí ayé wọn ni ó fà á: wọ́n ń jẹun láàrin ọjà, wọ́n ń sùn síta, ojú ẹnikẹ́ni kò tì wọ́n.

Ẹni tí òkìkí rẹ̀ kàn jù nínú wọn ni Diogenes, ará Sinope, ìlú kan létí Òkun Dúdú, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Tọ́kì lónìí. Ó kú ní nǹkan bí ọdún 323 kí a tó bí Kristi. Kò sí ìwé rẹ̀ kankan tí ó ṣẹ́ kù. Púpọ̀ nínú ohun tí a mọ̀ nípa rẹ̀ jẹ́ ìtàn tí Diogenes Laertius, òǹkọ̀wé mìíràn tí wọ́n jọ ń jẹ́ orúkọ, kó jọ ní ohun tí ó lé ní 500 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Wọ́n ní inú ìkòkò ńlá kan, irú èyí tí wọ́n ń tọ́jú wáìnì tàbí ọkà sí, ni ó fi ṣe ilé. Wọ́n ní nígbà tí Alexander, ọba tí ó ṣẹ́gun ọ̀pọ̀ ilẹ̀, bi í pé kí ni ó ń fẹ́ kí òun ṣe fún un, ohun tí ó bẹ̀ ẹ́ kò ju pé kí ó kúrò níbi tí ó ti ń ṣíji bo oòrùn mọ́ òun lára. Wọ́n tún ní ó máa ń tan fìtílà lọ́sàn-án gangan káàkiri ìlú, kí ó lè wá ènìyàn tí ó jẹ́ ènìyàn ní tòótọ́.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí fìtílà yìí. Ọ̀pọ̀ ń kà á sí àmì pé ọkùnrin náà gbà pé kò sí ènìyàn rere láyé mọ́. Èmi kò kà á bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó ti parí èrò sí pé kò sí ènìyàn rere mọ́ kì í tan fìtílà. Àtisùn ni yóò bá lọ. Ẹni tí ń wá nǹkan ni ó ń tan iná. Bí Diogenes tilẹ̀ ń fi àwọn ará Athens ṣe ẹlẹ́yà, ohun tí ó ń sọ fún wọn ni pé ènìyàn lè dára ju bí wọ́n ti wà lọ. Ìdí nìyí tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi gba èébú ajá náà, tí wọ́n sọ ọ́ di oríkì: ajá ní í gbó olè, ajá ní í sì mọ ọ̀rẹ́ yàtọ̀ sí ọ̀tá.

Èyí kò ṣàjèjì sí wa. Àwa náà ń fi ajá bú ènìyàn, síbẹ̀ ajá náà ni ọdẹ ń gbẹ́kẹ̀ lé nínú igbó. Ó tún jẹ́ àṣà láàrin wa láti sọ ajá ní orúkọ tí a fẹ́ kí aládùúgbò gbọ́. Ní Ìjokù, nígbà èwe mi, mo mọ ajá kan tí ń jẹ́ Tanímọ̀la. Bí olówó rẹ̀ bá pe ajá náà, ẹni tí ọ̀rọ̀ náà bá wí yóò mọ̀ pé òun ni ó ń bá wí. Àwọn Baatonu ti ilẹ̀ Borgu, ní àríwá orílẹ̀-èdè Benin, ní irú àṣà yìí pẹ̀lú, àwọn onímọ̀ sì ti kọ ìwé lé e lórí. Ajá ni wọ́n pè, ìwà ènìyàn ni wọ́n gbó mọ́.

2. Bí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà ṣe yí padà

Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ọ̀rọ̀ náà kúrò lórí àwọn ọlọ́gbọ́n Gíríìkì, ó bọ́ sórí ẹnikẹ́ni tí ń fi ẹnu tẹ́ńbẹ́lú ọmọ ènìyàn. Ní ayé òde òní, ohun tí ó túmọ̀ sí ní Gẹ̀ẹ́sì fẹ́rẹ̀ẹ́ takò èyí tí ó ti wá. Diogenes kọ owó àti ipò nítorí pé ó gbà pé ìwà ni ó níyì. Ẹni tí a ń pè ní 'cynic' lónìí ní tirẹ̀ gbà pé kò sí ìwà tí ó níyì, pé owó àti ipò ni gbogbo ènìyàn ń wá, bí wọ́n tilẹ̀ ń pe orúkọ Ọlọ́run tàbí orúkọ ìlú.

Àwọn ará Jámánì rí ìyàtọ̀ yìí, wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ méjì pín in. 'Kynismus' ni wọ́n ń pe ti àwọn Gíríìkì àtijọ́. 'Zynismus' ni ti òde òní. Orí ìyàtọ̀ yìí ni onímọ̀ Peter Sloterdijk gbé ìwé ńlá kan tí ó tẹ̀ jáde ní 1983 kà. Ohun tí ó tẹnu mọ́ níbẹ̀ ni pé ẹni tí ó ní 'Zynismus' kì í ṣe òpè: ó mọ òtítọ́ dáadáa, ṣùgbọ́n ó ń bá irọ́ lọ.

Gẹ̀ẹ́sì kò ní irú ìpín yìí. Ó sì tún fi ìṣòro kejì kún un. Nígbà mìíràn, 'cynical' jẹ́ ojú tí ẹnì kan fi ń wo àwọn ẹlòmíràn, bíi ti ọmọ tí ó ní òun kò ní í dìbò. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ó jẹ́ ìwà tí ẹnì kan hù sí àwọn ẹlòmíràn, bíi ti gómìnà tí ó da ọ̀dà sí títì nítorí ìbò. Ọmọ náà kò gba ẹnikẹ́ni gbọ́. Gómìnà náà ń jèrè lórí ìgbàgbọ́ àwọn tí ó gbà á gbọ́. Ẹni tí a ṣẹ̀ àti ẹni tí ó ṣẹ̀ ni a kó pọ̀ sábẹ́ orúkọ kan.

3. Kí ni a ó pè é ní Yorùbá?

Ẹ jẹ́ kí a dán àwọn ọ̀rọ̀ tí àwọn atúmọ̀ èdè lè ronú kàn wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Èkíní ni 'oníyèméjì'. Ọkàn oníyèméjì pín sí méjì. Kò tíì mọ èyí tí yóò mú. Ọkàn ẹni tí à ń sọ yìí kò pín rárá. Ó ti parí ìdájọ́.

Èkejì ni 'aláìgbàgbọ́'. Àwọn onígbàgbọ́ àti àwọn mùsùlùmí ti gba ọ̀rọ̀ yìí mọ́ ti ẹ̀sìn lọ. Ènìyàn lè má gba Ọlọ́run gbọ́ kí ó sì gba ọmọ ènìyàn gbọ́. Ènìyàn sì lè máa kírun ní ìgbà márùn-ún lóòjọ́ tàbí kí ó má pa ṣọ́ọ̀ṣì jẹ, kí ó má sì gbà pé ẹnikẹ́ni lè ṣe rere lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ̀kẹta ni 'ẹlẹ́gàn'. Nígbà tí a bá ní "àfi ẹlẹ́gàn ni yóò sọ pé iṣẹ́ yìí kò dára," ohun tí a ń sọ ni pé rere iṣẹ́ náà hàn sí gbogbo ojú, ẹlẹ́gàn náà sì rí i, ṣùgbọ́n ó fẹ́ bù ú kù. Ẹni tiwa yìí lè gbà pé iṣẹ́ náà dára. Ọkàn ẹni tí ó ṣe é ni kò gbà pé ó mọ́. Bí a bá gbẹ́ kànga fún ìlú, kò ní sọ pé omi rẹ̀ kò mọ́. Yóò bèèrè ohun tí ẹni tí ó gbẹ́ ẹ ń wá. Lójú rẹ̀, gbogbo oore ni ṣekárími.

Ẹ̀kẹrin, tí ó ṣe pàtàkì jù, ni 'afura'. Òun ni ọ̀pọ̀ yóò kọ́kọ́ mú, òun gan-an sì ni ó léwu jù láti mú. Ìfura jẹ́ ìwà ọmọlúàbí nínú èdè wa. Ìfura loògùn àgbà. Páńsá kò fura, páńsá já iná; àjà kò fura, àjà jìn; onílé tí kò bá fura, olè ni yóò kó o. Ẹni tí ó fura ṣí ojú rẹ̀ sílẹ̀. Ó ń wo àmì, ó ń bèèrè ọ̀rọ̀ wò. Bí ẹ̀rí bá sì dé tí ó fi hàn pé kò sí ewu, yóò tú ara sílẹ̀. Ìfura ní etí. Ìwà tí à ń wá orúkọ fún yìí kò ní etí, nítorí bí a bá mú ẹ̀rí rere wá fún un, yóò sọ pé ẹ̀rí náà gan-an jẹ́ ara ẹ̀tàn.

Ẹnì kan lè sọ pé òwe Yorùbá kún fún irú ìwà yìí. Ṣé kì í ṣe àwa ni a ń sọ pé òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké? Ṣé kì í ṣe àwa ni a ní ẹ̀yìnkùnlé lọ̀tá wà, inú ilé ni aṣeni ń gbé? Àwa ni. Ṣùgbọ́n ohun tí a ti rí ni òwe wọ̀nyí ń ròyìn. Wọn kò ní kí a jókòó ti ohun tí a rí. Ẹni tí ó pa òwe ọjà òtítọ́ ń ṣọ̀fọ̀ ọjà náà ni. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ni èdè náà gbé òwe mìíràn sí láti fi ààlà hàn wá: ìka kò dọ́gba, àti èyí tí ó borí gbogbo wọn, ẹ̀dá kò láròpin.

Ibí yìí ni mo ti rí ọ̀rọ̀ tí mò ń wá. Láti ro ènìyàn pin ni láti ronú nípa rẹ̀ títí dé òpin, kí a sì pa ìwé rẹ̀ dé, pé kò sí ohun mìíràn tí ó lè ti ara rẹ̀ jáde mọ́. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìpín ẹ̀dá ni a sábà máa ń lò ó fún: aláìsàn tí wọ́n ti rò pin tí ó dìde, àgàn tí wọ́n ti rò pin tí ó bímọ, tálákà tí wọ́n ti rò pin tí ó di ọlọ́là. Ṣùgbọ́n bí a ti ń ro ìpín ènìyàn pin ni a ń ro ìwà rẹ̀ pin pẹ̀lú. Mo dá a lábàá, nígbà náà, pé kí a máa pe 'cynicism' ti òde òní ní àròpin, kí a sì máa pe ẹni tí ń hù ú ní aronipin. Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ tí ó fún wa ní apẹja àti akọ́lé ni ó fún wa ní aronipin láti ara 'ro ẹni pin'. Nígbà tí àwọn onímọ̀ wa ń ṣe akitiyan Èdè-Ìperí Yorùbá, tí apá kìíní rẹ̀ jáde lábẹ́ àbójútó Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ní 1984, irú ọ̀nà yìí wà lára èyí tí wọ́n tọ̀: láti bi èdè fúnra rẹ̀ léèrè ohun tí ó ní nínú àpò kí a tó lọ yá ti ẹlòmíràn.

Ní ti ìwà gómìnà àti ti agbábọ́ọ̀lù, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò jìnnà. Ìwà ọ̀dájú ni. Ọ̀dájú mọ ohun tí ó ń ṣe, ó mọ ẹni tí yóò pa lára, ojú kò sì tì í. A lè wá sọ ìbátan tí ó wà láàrin ìwà méjèèjì, èyí tí Gẹ̀ẹ́sì fi pamọ́ sábẹ́ ọ̀rọ̀ kan: ọ̀dájú ní í bí aronipin. Níbi tí ọ̀dájú bá ti ṣèjọba pẹ́, àròpin ni ìran tí ó bá tẹ̀ lé e yóò jogún.

4. Ìjokù àti ìdásílẹ̀ Ṣágámù

Bí ìyàtọ̀ ìfura àti àròpin bá jẹ́ ti inú ìwé nìkan, n kò ní kó yín jọ nítorí rẹ̀. Orí rẹ̀ ni a tẹ ìlú dó sí ní ilẹ̀ Rẹ́mọ.

Ogun ni ó gba ọ̀pọ̀ nínú ọ̀rúndún kọkàndínlógún ní ilẹ̀ Yorùbá. Rẹ́mọ bọ́ sójú ọ̀nà tí ó lọ láti Ìbàdàn sí ọ̀sà àti Èkó, ojú ọ̀nà yìí sì ni àwọn alágbára ń jà lé lórí. Ní 1865, ọmọ ogun Ẹ̀gbá dó ti Ìkòròdú. Àwọn ọmọ ogun tí Glover rán wá láti Èkó ni ó tú wọn ká ní oṣù kẹta ọdún náà. Nínú irú ayé bẹ́ẹ̀, ìlú kéékèèké tí ó dá dúró nínú igbó jẹ́ ẹran ìjẹ fún ẹni tí ń kó ẹrú. Ní 1872, àwọn ìlú kéékèèké Rẹ́mọ, tí a sábà máa ń kà sí mẹ́tàlá, kó wá sójú kan kí wọ́n lè gba ara wọn sílẹ̀. Wọ́n pe ibẹ̀ ní Ṣágámù. Ọ̀fin wà níbẹ̀, Mákùn wà níbẹ̀, Oko àti Ìgbẹ̀pa wà níbẹ̀, Ìjokù tiwa náà wà níbẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí a kíyè sí ni bí wọ́n ṣe kó jọ. Bí àwọn baba wa bá jẹ́ aronipin, kálukú ì bá jókòó sínú igbó tirẹ̀, kí ó máa sọ pé ẹni tí ó ní ká wá gbé pọ̀ fẹ́ sọ òun di ẹrú ni. Bí wọn kò bá sì ní ìfura, wọn ì bá po ohun gbogbo pọ̀ lọ́jọ́ kan, kí àwọn alágbára inú wọn gbé àwọn aláìlágbára mì. Wọn kò ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì. Wọ́n gba Akárìgbò ti Ọ̀fin ní olórí. Síbẹ̀ ìlú kọ̀ọ̀kan mú orúkọ rẹ̀ dání, ó mú ọba rẹ̀ dání, ó sì mú ilé oṣùgbó rẹ̀ dání. Títí di òní, bí ẹ bá bi ọmọ Ṣágámù ní ìlú rẹ̀ nígbà tí ó bá wà láàrin àwọn ará ilé, kò ní dúró lórí Ṣágámù. Yóò sọ fún yín pé Ìjokù ni òun, tàbí Mákùn.

Oṣùgbó fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹ̀kọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn àgbà tí wọ́n wà níbẹ̀ kì í jẹ́ kí ọba dá ṣe ohun tí ó bá wù ú. A kò ro ọba pin. Bí a bá rò ó pin, a kì bá tí fi jẹ. A fura sí agbára tí a gbé lé e lọ́wọ́, nítorí a mọ ohun tí agbára lè fi ènìyàn ṣe. Bákan náà ni ìmùlẹ̀ rí láwùjọ wa. Ẹni tí kò fura kò ní í wá ìmùlẹ̀, nítorí yóò gbà pé ọ̀rọ̀ ẹnu tó. Ẹni tí ó ti ro ọmọ ènìyàn pin kò ní í bá ẹnikẹ́ni mulẹ̀, nítorí yóò gbà pé gbogbo wọn ni yóò dà á. Àárín àwọn méjèèjì yìí ni ìlú ń gbé.

5. Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ méjì

Ìkẹ́nnẹ́ kò jìnnà sí Ṣágámù. Níbẹ̀ ni a ti bí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní 1909, níbẹ̀ náà ni a ti bí Táí Ṣólárìn ní 1922.

Nígbà tí ẹgbẹ́ Action Group ti Awólọ́wọ̀ ń gbèrò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn, wọ́n bu owó orí tuntun lé àwọn ènìyàn, ṣílè mẹ́wàá àti kọ́bọ̀ mẹ́fà, fún ẹ̀kọ́ àti ìlera. Inú ọ̀pọ̀ kò dùn. Wọ́n ti san owó orí fún òyìnbó fún ọ̀pọ̀ ọdún láìrí ohun tí wọ́n fi ṣe ní abúlé wọn. Kí ni yóò mú kí ti èyí yàtọ̀? Nínú ìdìbò àpapọ̀ ti 1954, wọ́n kọ̀yìn sí Action Group, NCNC sì lékè ní Ìwọ̀ Oòrùn. Àwọn kan nínú àwọn tí ó kàwé nígbà náà rò pé òpè ni àwọn àgbẹ̀ yìí. Wọn kì í ṣe òpè. Ìfura tí ó ní ìdí ni tiwọn.

Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní 1955, ilé ẹ̀kọ́ ṣí ilẹ̀kùn lọ́fẹ̀ẹ́. Iye ọmọ tí ó wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn, tí ó jẹ́ 456,600 ní 1954, di 811,432 ní 1955. Àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n bínú sí owó orí ni wọ́n mú ọmọ wọn lọ́wọ́ lọ kọ orúkọ sílẹ̀. Ní 1956, ẹgbẹ́ náà borí nínú ìdìbò Ìwọ̀ Oòrùn. Ẹ ṣàkíyèsí pé kò sí ẹni tí ó ní kí wọ́n má fura mọ́. Ohun tí ojú wọn rí ni ó dá ìfura wọn lóhùn, wọ́n sì jẹ́ kí ó dá a lóhùn. Aronipin ì bá sọ pé ẹ̀tàn ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ náà, kí ó sì mú ọmọ rẹ̀ jókòó sílé.

Ní ti Táí Ṣólárìn, bí a bá ń wá ọmọ Yorùbá tí ó jọ Diogenes, òun ni ó súnmọ́ ọn jù. Ṣòkòtò péńpé kákí àti ẹ̀wù alápá péńpé ni ó ń wọ̀ lọ sí ibi gbogbo, ìbáà jẹ́ ọ̀dọ̀ ìjọba. Kò gba Ọlọ́run gbọ́, kò sì fi bò. Ní ọjọ́ kìíní ọdún 1964, nígbà tí gbogbo ènìyàn ń ṣàdúrà ìrọ̀rùn fún ara wọn, ó kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn pé kí ọ̀nà àwọn òǹkàwé òun rí gbágungbàgun. Ọ̀pọ̀ pè é ní 'cynic'. Bí ó bá jẹ́ ti àwọn Gíríìkì àtijọ́ ni wọ́n ń sọ, òótọ́ ni. Bí ó bá jẹ́ ti òde òní ni, irọ́ ni, ìtàn ayé rẹ̀ sì já irọ́ náà.

Ó jẹ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ Molusi ní Ìjẹ̀bú-Igbó láti 1952. Nígbà tí òun àti àwọn tí ó ni ilé ẹ̀kọ́ náà kò lè fohùn ṣọ̀kan lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn, ó fi ibẹ̀ sílẹ̀. Ní oṣù kìíní 1956, òun àti ìyàwó rẹ̀, Sheila, dá ilé ẹ̀kọ́ Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ náà ń kàwé, wọ́n ń dáko, wọ́n ń fi ọwọ́ ara wọn ṣiṣẹ́. Ẹni tí ó ti ro ọmọ ènìyàn pin kì í dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Ní 1984, nígbà tí ó kọ̀wé ta ko ìjọba ológun, wọ́n tì í mọ́lé fún oṣù mẹ́tàdínlógún. Kò sinmi ọ̀rọ̀ sísọ títí ó fi kú ní 1994.

Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí a sọ ọ́ di òrìṣà. Nígbà tí ariwo ta pé bílíọ̀nù náírà 2.8 sọnù nínú owó epo, Ṣólárìn wà lára àwọn tí ó pariwo jù. Ní 1980, ìgbìmọ̀ Adájọ́ Irikefe pè é kí ó wá mú ẹ̀rí jáde. Kò ní ìwé tí ó lè gbé síwájú wọn. Ohun tí a ń rántí jù nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni pé inú ọkọ̀ mólùè ni òun ti gbọ́ ọ. Ìgbìmọ̀ náà ní owó kankan kò sọnù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò sì gba ìgbìmọ̀ náà gbọ́ títí di òní. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ìfura tí kò bá wá ẹ̀rí lọ yóò di àgbọ́sọ, àgbọ́sọ yóò sì di àròpin. Nígbà tí ẹ̀sùn bá ti pọ̀ ju ẹ̀rí lọ, olóòótọ́ àti olè yóò di ọ̀kan náà lójú ará ìlú.

6. Ìlò ọ̀rọ̀ náà lónìí

Nínú ìdìbò gómìnà Èkìtì ní 2018, gbólóhùn kan gba ìgboro: "Dìbò kóo sebẹ̀." Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ọ̀dájú ṣe ń bí aronipin, kí ó tú gbólóhùn yìí wò. Ẹni tí ń pín owó náà sọ nínú ọkàn rẹ̀ pé kò sí ohun tí àwọn ará ìlú mọ̀ ju ikùn lọ. Ó ti rò wọ́n pin. Ẹni tí ń gba owó náà sọ nínú ọkàn tirẹ̀ pé bí òun gbà á, bí òun kò gbà á, kò sí ohun tí ẹni yìí yóò ṣe fún òun mọ́ lẹ́yìn òní; òun náà ti rò ó pin. Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín, wọ́n pínyà. Ọbẹ̀ náà kò ju ọjọ́ kan lọ, ìjọba tí a fi rà yóò lo ọdún mẹ́rin.

Ní 2003, nǹkan bí ìdá 69 nínú 100 àwọn tí ó forúkọ sílẹ̀ ni a kà pé wọ́n dìbò fún ipò ààrẹ. Ní 2023, kò ju nǹkan bí ìdá 27 lọ nínú àwọn tí ó lé ní mílíọ̀nù 93. N kò ní sọ pé àròpin nìkan ni ó fa èyí. Ẹlòmíràn kò rí káàdì rẹ̀ gbà, ẹlòmíràn bẹ̀rù jàgídíjàgan, iye ti àtijọ́ pàápàá sì lè ní àbùlà nínú. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́ wa mọ gbólóhùn tí ó wà lẹ́nu wọn: "Ọ̀kan náà ni gbogbo wọn." Wọ́n ní ìdí láti bínú. Àwọn òbí wọn rí i bí ìjọba ológun ṣe fagi lé ìdìbò ọjọ́ 12 oṣù kẹfà 1993 lẹ́yìn tí àwọn ènìyàn ti tò lábẹ́ oòrùn.

Síbẹ̀ mo fẹ́ sojú abẹ níkòó fún àwọn ọmọ wa. Gbólóhùn náà dà bí ìbáwí fún àwọn olè, ṣùgbọ́n ààbò ni ó jẹ́ fún wọn. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀kan náà ni gbogbo wọn, kò sí èyí tí ó jẹ̀bi ju èkejì lọ. Ẹni tí ó jí owó oògùn ilé ìwòsàn kó kò burú ju ẹni tí ó ra oògùn náà lọ. Kò sí ohun tí olè ń fẹ́ ju kí ìlú sọ pé olè ni gbogbo ènìyàn. Ìfura ni olè ń bẹ̀rù, nítorí ìfura ń ka owó, ó ń bèèrè ìwé, ó sì ń rántí orúkọ. Àròpin kì í ka owó. Ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé wọn yóò jí i.

7. Ìkádìí

Ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ tọrọ. Mo bẹ àwọn tí ń túmọ̀ èdè, pàápàá ní ilé ìwé ìròyìn àti ní ilé iṣẹ́ rédíò, kí wọ́n má ṣe túmọ̀ 'cynical' sí ìfura mọ́. Bí ó bá jẹ́ ti ẹni tí kò gba ẹnikẹ́ni gbọ́, àròpin ni. Bí ó bá jẹ́ ti ẹni tí ń jèrè lórí ìgbàgbọ́ ẹlòmíràn, ìwà ọ̀dájú ni. Bí ó bá jẹ́ ti àwọn ọlọ́gbọ́n Gíríìkì, kí a pè wọ́n ní oníwà-ajá, kí a sì ṣàlàyé. Mo bẹ àwọn olùkọ́ kí wọ́n kọ́ ọmọ bí a ṣe ń fura: bí a ṣe ń bèèrè ẹ̀rí, bí a ṣe ń gbà nígbà tí ẹ̀rí bá dé. Mo sì bẹ àwọn tí wọ́n wà nípò àṣẹ kí wọ́n má ṣe bínú sí ará ìlú tí ń fura sí wọn. Ẹni tí ó ń fura sí yín ṣì ń wò yín. Ẹni tí ó ti rò yín pin kò wò yín mọ́.

Àwọn ìlú tí ó para pọ̀ di Ṣágámù ní 1872 kò fi ìfura wọn sílẹ̀ ní ẹnubodè. Wọ́n gbé e wọlé, wọ́n sì kọ́ ilé oṣùgbó fún un. Àwa tí a jogún ilé náà kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ó ṣófo.